Nígbà tí apá màmá bá dúdú: bí a ṣe ń fẹjọ́ sùn ní care home

ṢỌLÁ: Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti iṣẹ́ òru dé. Òfin England la máa bá lọ lónìí. Scotland àti Wales ní tiwọn. Àńtí Bísí, òṣìṣẹ́ care home, ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú arúgbó, fẹ́ wọṣọ fún màmá kan, ó rí i pé apá màmá dúdú. Kí ni ṣíṣe?

ÀŃTÍ BÍSÍ: Kó kọ́kọ́ wo ibi tó wà. Ara arúgbó tètè máa ń dúdú, àgàgà ẹni tó ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì, ojúgun àti ẹ̀yìn ọwọ́ sì máa ń gbá nǹkan. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ òkè apá, tí ojú ìka mẹ́rin tò síbẹ̀, àbí etí, àbí inú itan, ìyẹn kò jọ ẹni tó gbá bẹ́ẹ̀dì.

ṢỌLÁ: Kó wá bi màmá ni?

ÀŃTÍ BÍSÍ: "Kí ló ṣe yín níbí, mà?" Ìyẹn ti tó. Tó bá lọ ń bi í pé "Ṣé lágbájá ló fà yín lápá?", lọ́jọ́ tí ọlọ́pàá bá dé, wọ́n á ní òun ló fọ̀rọ̀ sí màmá lẹ́nu. Kó má sì ṣèlérí pé òun ò ní wí fún ẹnikẹ́ni. Kó kọ ọ̀rọ̀ náà bó ṣe jáde lẹ́nu màmá gan-an. Bí màmá bá ní "that big one", kó má sọ ọ́ di "a tall carer". Ọjọ́, aago, bí àmì náà ṣe fẹ̀ tó, kó kọ gbogbo rẹ̀, kó fi hàn lórí body map, àwòrán ara èèyàn tó wà nínú fáìlì, kó sì buwọ́ lù ú. Kó má fi fóònù ara rẹ̀ ya fọ́tò o.

ṢỌLÁ: Bó bá jẹ́ pé wọ́n fipá bá màmá lò ńkọ́?

ÀŃTÍ BÍSÍ: Kó pe 999, nọ́ńbà pàjáwìrì, lójú ẹsẹ̀. Ẹ má wẹ̀ ẹ́, ẹ má pààrọ̀ páàdì, ẹ má ká bẹ́ẹ̀dì ṣíìtì. Ó máa ń ṣòro fún wa, torí a kì í fẹ́ kí àgbà wà nínú ìdọ̀tí, ṣùgbọ́n ẹ̀rí nìyẹn.

ṢỌLÁ: Àwọn kan gbà pé tí wọn ò bá ti na èèyàn, kò sẹ́jọ́.

ÀŃTÍ BÍSÍ: Há! Ẹ wo fluid chart, ìwé tí wọ́n ń kọ iye omi tí èèyàn mu sí, ní aago méje àárọ̀: 200, 200, 200 mílílítà, bírò kan náà, ọwọ́ ìkọ̀wé kan náà látòkè délẹ̀. Tíì alẹ́ àná ṣì kún ife, ó ti di awọ lójú, ètè bàbá sì ti là. Ẹnì kan ló jókòó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tó kọ gbogbo ẹ̀. Àbí bẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi ń pe òṣìṣẹ́, tí wọ́n gbé kọ́ ibi tọ́wọ́ ò lè tó. Ìyà náà ni. Láti 2015, òṣìṣẹ́ tó bá mọ̀ọ́mọ̀ pa ẹni tó ń tọ́jú tì lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún 5 jura.

ṢỌLÁ: Ta ló máa sọ fún?

ÀŃTÍ BÍSÍ: Máníjà, kó tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Tó bá fẹnu sọ ọ́ tán, kó fi email tì í lẹ́yìn, torí "leave it with me" kì í ní àkọsílẹ̀. Bó bá jẹ́ máníjà fúnra rẹ̀ lẹjọ́ kàn, àbí tí ọ̀rọ̀ ò kúrò lójú kan, kó pe ẹ̀ka safeguarding ní káńsù, àwọn tó ń dáàbò bo ẹni tó nílò ìtọ́jú. Abala 42 òfin Care Act 2014 ló ní kí káńsù ṣèwádìí. Wọ́n á bi í pé: ta ni, ilé wo, kí lo fojú rí, kí lo gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíì, ṣé ewu ṣì wà báyìí, ṣé màmá mọ̀ pé o ń pè? Kó gba nọ́ńbà ẹjọ́ àti orúkọ ẹni tó gbé fóònù. Lẹ́yìn náà, kó pe CQC, àjọ tó ń yẹ àwọn ilé ìtọ́jú wò ní England, 03000 616161. Àwọn kì í yanjú ọ̀rọ̀ ẹnì kan ṣoṣo, ilé náà gan-an ni wọ́n ń yẹ̀ wò.

ṢỌLÁ: Méjèèjì?

ÀŃTÍ BÍSÍ: Méjèèjì, kó sì tún pè wọ́n padà. Ẹ rántí Winterbourne View nítòsí Bristol, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń fìyà jẹ àwọn aláìsàn. Ọsibítù nìyẹn, kì í ṣe care home, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan náà ni. Terry Bryan, nọ́ọ̀sì níbẹ̀, sọ fún àwọn ọ̀gá, ó sọ fún CQC, kò sẹ́ni tó kà á sí títí BBC fi gbé e jáde ní 2011. Èèyàn 11 ló jẹ̀bi, 6 nínú wọn lọ sẹ́wọ̀n.

ṢỌLÁ: Físà wá ńkọ́? Ohun tó ń di ọ̀pọ̀ lẹ́nu nìyẹn.

ÀŃTÍ BÍSÍ: Mi ò ní tàn yín. Òfin Public Interest Disclosure Act 1998 ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ tó bá fẹjọ́ sùn, tó fi mọ́ ẹni tí ejẹ́ńsì rán wá, ṣùgbọ́n ìgbà tí wọ́n bá ti fìyà jẹ ẹ́ tán ló ń rí i lò, níwájú tribunal, ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́. Bí ìgbọ̀wọ́ físà tí agbanisíṣẹ́ ṣe bá já, ọjọ́ 60 ni Home Office, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí físà, sábà máa ń fúnni láti wá agbanisíṣẹ́ mìíràn tó máa gbọ̀wọ́. Nítorí náà, kó tọ́jú contract àti payslip rẹ̀, kó kọ ọjọ́ àti aago tó fẹjọ́ sùn pamọ́, kó má sì mú ìwé àwọn tí wọ́n ń tọ́jú kúrò níbẹ̀. Kó tún bi káńsù bóyá wọ́n á fi orúkọ òun pamọ́. Ìyẹn sàn ju kó má dárúkọ rárá lọ, torí bí ìbéèrè bá kù, wọn ò ní mọ ẹni tí wọ́n máa pè.