Ta Ló Ní Ìmọ̀ràn Ò Ṣeé Kà? Ọ̀rọ̀ Lórí ‘Much’, ‘Many’ àti Àwọn Ará Ilé Wọn

Àwọn olùkọ́ èdè, àwọn òbí àtàwọn ọmọ tó ń múra ìdánwò WAEC ni mo bá sọ ọ̀rọ̀ yìí. Mo tún un kọ báyìí fún ẹni tí kò sí níjókòó. Mi ò yọ àwàdà inú rẹ̀ kúrò.

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ìtìjú ara mi ni màá fi bẹ̀rẹ̀. Ọdún tí mo jáde ilé-ẹ̀kọ́ gíga, mo kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́ kan. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo dà á kọ. Mo gbé e fún ẹ̀gbọ́n mi, ó kà á, ó ní ó dáa. Inú lẹ́tà yẹn ni mo ti sọ pé mo mọ bí wọ́n ṣe ń lo ‘many equipments’, pé mo sì ti gba ‘several advices’ lẹ́nu àwọn ọ̀gá nídìí iṣẹ́. Bàbá tó fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò ò wí nǹkan kan. Ó mú bírò pupa, ó fa ìlà sábẹ́ ‘s’ àkọ́kọ́, ó fa òmíràn sábẹ́ ‘s’ kejì, ó wá dojú ìwé náà kọ mí kí n rí i dáadáa. Wọn ò gbà mí síṣẹ́. Ìyẹn ò dùn mí tó pé odidi ọdún méjì kọjá kí n tó mọ ohun tí ‘s’ ṣe fún bàbá yẹn.

Ohun tí wọ́n kọ́ wa níléèwé ni pé ohun tó bá ṣeé kà, ‘many’ ni. Èyí tí kò bá ṣeé kà, ‘much’ ni. Ọmọ ṣeé kà, iyanrìn ò ṣeé kà, ó parí. Ìlànà náà ò burú, àmọ́ irọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀, irọ́ ọ̀hún ló sì ń kó bá wa. Ṣé ìmọ̀ràn ò ṣeé kà ni? Bí bàbá mi bá pè mí jókòó, tó ní “Ìmọ̀ràn méjì ni mo fẹ́ gbà ọ́,” mo mọ ibi tí èkíní parí sí, mo mọ ibi tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀. Owó ńkọ́? Tí owó ò bá ṣeé kà, kí wá ni akọ̀wé báǹkì ń ṣe láti àárọ̀ tó fi ń ti ìka bọ omi? Síbẹ̀, nínú Gẹ̀ẹ́sì, ‘advice’ àti ‘money’ wà lára àwọn ọ̀rọ̀-orúkọ aláìṣeékà.

Ohun tí mo wá sọ lónìí kò ju ẹyọ kan lọ: Gẹ̀ẹ́sì kì í wo nǹkan kó tó pín in sí aṣeékà àti aláìṣeékà. Ọ̀rọ̀ ló ń wò. Ẹ fi ojú inú wo àga mẹ́fà, tábìlì kan àti kọ́bọ́ọ̀dù kan nínú pálọ̀. Tí ẹ bá pè wọ́n ní ‘chairs’, ẹ lè kà wọ́n títí. Tí ẹ bá pè wọ́n ní ‘furniture’, kíkà ti tán nìyẹn, bẹ́ẹ̀ àga kankan ò kúrò nílẹ̀. Àpótí ìrìn-àjò mẹ́ta, ‘three suitcases’. Pe àpótí kan náà ní ‘luggage’, ‘three’ ò lè bá a gbé mọ́. Iṣẹ́ ni ‘job’, iṣẹ́ ni ‘work’. Èèyàn lè ní ‘two jobs’, kò lè ní ‘two works’.

Tí ẹ bá ń ṣiyèméjì, ẹ jẹ́ ká kọjá sọ́dọ̀ àwọn ará wa ní Kétu, Ṣakété àti Pọ̀bẹ̀ nílẹ̀ Benin. Faransé ni wọ́n fi ń kọ́ wọn níléèwé. Ọmọ ibẹ̀ á sọ pé ‘des informations’, á sọ pé ‘deux conseils’, á pe àga àti tábìlì ní ‘des meubles’, olùkọ́ ò ní fa ìlà pupa kankan. Ìmọ̀ràn kan náà tó jẹ́ méjì ní Kétu, tó bá ti sọdá ẹnubodè dé Ìmẹ̀kọ, kò ṣeé kà mọ́. Ṣé ìmọ̀ràn ló yí padà ni? Otto Jespersen, onímọ̀ èdè ará Denmark, sọ̀rọ̀ nípa irú àwọn ọ̀rọ̀ aláìṣeékà yìí nínú ìwé rẹ̀ kan lọ́dún 1924, ‘mass-words’ ló sì pè wọ́n. Ọ̀rọ̀ ló pè wọ́n, kò pè wọ́n ní nǹkan.

Àwọn tó ni Gẹ̀ẹ́sì gan-an kì í dúró lójú kan. ‘Pease’ ni wọ́n ń pe ẹ̀wà roboto aláwọ̀ ewé yẹn látijọ́, ẹyọ rẹ̀ ni o, òkìtì rẹ̀ ni o. Nígbà tó yá, etí wọn gbọ́ ‘s’ nídìí rẹ̀, wọ́n rò pé ọ̀pọ̀ ni. Wọ́n gé e, wọ́n ní ẹyọ rẹ̀ ń jẹ́ ‘pea’. Àṣìgbọ́ lásán ni, òun náà ló wà nínú ìwé atúmọ̀ èdè lónìí. Wọn ò sì ní jẹ́ ká ṣe irú ẹ̀ fún ‘equipment’.

Kí ló wá dé tó fi jẹ́ pé àwa Yorùbá la máa ń kó sí kòtò yìí? Ẹ bá mi dé ọjà Bódìjà. Ìyá onírẹsì jókòó ti àpò, kóńgò wà lọ́wọ́ rẹ̀. “Kóńgò mélòó?” “Mẹ́ta, mà.” Ó bù ú, ó jẹ́ kó ga ṣóńṣó, ó fi ọwọ́ kejì dènà èyí tó fẹ́ ṣubú, ó dà á sínú ọ̀rá. Lẹ́yìn ẹ̀kẹta, ó fi ìkúnwọ́ kan ṣe ènì. Ìyá yìí náà ló ń ta ẹ̀wà, kóńgò yìí náà ló fi ń wọ̀n ọ́n. Lédè wa, ìrẹsì àti ẹ̀wà ò yàtọ̀ síra rárá: kóńgò là ń kà. Tá a bá fẹ́ ẹyọ, a ní hóró kan. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, ‘rice’ jẹ́ aláìṣeékà, ‘beans’ sì jẹ́ aṣeékà tó wà ní ọ̀pọ̀. ‘The rice is ready’, àmọ́ ‘the beans are ready’. ‘Too much rice’, àmọ́ ‘too many beans’. Lójoojúmọ́ là ń gbọ́ ‘the beans is sweet’ nílé oúnjẹ, mi ò sì lè bá ẹni tó sọ ọ́ jà, torí pé kóńgò kan náà ni wọ́n fi wọ̀n wọ́n.

Ọ̀rọ̀-orúkọ wa kì í pa ara dà. Ilé kan, ilé méjì, ọgọ́rùn-ún ilé. Tá a bá fẹ́, a fi ‘àwọn’ síwájú. Tí a ò bá sì fẹ́, iye tá a dá fún un ti tó. Ìdí nìyẹn tí ‘púpọ̀’ fi lè bá gbogbo wọn lò: omi púpọ̀, ọmọ púpọ̀, ìyà púpọ̀. Ọmọ tó ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì gbé ‘púpọ̀’ kan ṣoṣo wá látilé, wọ́n wá ní kó pín in sí méjì.

Ibì kan wà tí àwa náà ti ń pín in, ibẹ̀ gan-an ló sì ń rú wa lójú. A ní ‘mélòó’, a ní ‘èló’. ‘Èló’ kì í kúrò nídìí owó. Wọ́n sọ fún ọmọ pé ‘èló’ ni ‘how much’, òótọ́ sì ni. Ọmọ wá dìde níwájú àlejò, ó bi wọ́n pé ‘How much children do you have?’ Ẹ gbọ́ bó ṣe rí létí wa: èló ni ọmọ yín! A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, èyí wá ń dá iye lé wọn. Ẹlòmíràn á lọ sí òdìkejì, á ní ‘How many money?’ Èyí ò yà mí lẹ́nu. Àwọn baba wa ná owó ẹyọ. Ogójì ni wọ́n ń sín sí okùn kan, ẹgbàá jẹ́ 2,000, ọ̀kẹ́ kan jẹ́ 20,000, ẹyọ ẹyọ ni wọ́n sì ń kà á. Owó ṣeé kà lójú wa látọjọ́ pípẹ́. Lójú Gẹ̀ẹ́sì, ‘naira’ ló ṣeé kà, ‘coins’ ló ṣeé kà, ‘money’ fúnra rẹ̀ dà bí omi.

Gẹ̀ẹ́sì náà ní kóńgò tirẹ̀ o. “Ra ọṣẹ méjì àti búrẹ́dì kan bọ̀,” Yorùbá tó já gaara nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹ wá kóńgò ọṣẹ, ‘two bars of soap’; kóńgò búrẹ́dì, ‘a loaf of bread’. Ti ìmọ̀ràn, ìròyìn àti ẹrù inú pálọ̀ ni ‘piece’: ‘two pieces of advice’. Ká ní mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn ni.

Ibi tó le jù lójú tèmi ni ‘few’ àti ‘a few’, ‘little’ àti ‘a little’, torí pé àṣìṣe ibẹ̀ kì í hàn. Gírámà rẹ̀ á pé, ìtumọ̀ rẹ̀ á dàrú. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan lọ kàwé nílùú Manchester. Ó kọ̀wé sí olùkọ́ rẹ̀ pé ‘I have few questions’. Ohun tó ní lọ́kàn ni pé òun ní ìbéèrè díẹ̀, kí olùkọ́ jọ̀ọ́ fún òun láàyè. Olùkọ́ kà á sí pé ìbéèrè ọmọ yìí ò tó nǹkan, pé gbogbo rẹ̀ ti yé e. Ó dá a lóhùn pé inú òun dùn láti gbọ́ bẹ́ẹ̀. Ọmọ náà fi fóònù pè mí, ó ní àwọn òyìnbó yìí ò lójú àánú.

‘A’ kékeré yẹn ló fa gbogbo rẹ̀. Mo sì rò pé èdè wa lè gbà wá níbí, torí a ní ‘díẹ̀’, a sì ní ‘kò tó nǹkan’. Tó bá jẹ́ ‘díẹ̀’ ló wà lọ́kàn yín, tẹ́ ẹ̀ ń sọ pé ó wà, ẹ fi ‘a’ sí i: ‘a few friends’, ‘a little water’. Tó bá jẹ́ ‘kò tó nǹkan’ lẹ fẹ́ sọ, tẹ́ ẹ̀ ń ṣàròyé pé kò sí tó, ẹ yọ ‘a’ kúrò. Ẹ fojú inú wo dókítà tó jáde síta bá àwọn ẹbí aláìsàn. Tó bá ní ‘There is a little hope’, wọ́n á máa gbàdúrà lọ. Tó bá ní ‘There is little hope’, ẹkún ló kù.

‘Less’ àti ‘fewer’ ńkọ́? Àwọn tó ni èdè pàápàá ṣì ń bára wọn jà lórí ìyẹn. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Robert Baker ló kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́dún 1770 pé ‘fewer’ dára jù fún ohun tá a lè kà. Ohun tó wu òun ló sọ, àwọn tó tẹ̀ lé e ló sọ ọ́ di òfin. Lọ́dún 2008, Tesco, ilé ìtajà ńlá kan nílẹ̀ Britain, yọ àkọlé ‘10 items or less’ kúrò níbi tí wọ́n ti ń sanwó, torí àwọn èèyàn ò yé ráhùn pé ‘fewer’ ló yẹ kó jẹ́. Wọn ò kọ ‘fewer’, wọn ò fi ‘less’ sílẹ̀. ‘Up to 10 items’ ni wọ́n kọ. Ọgbọ́n àgbà nìyẹn. Ẹ̀yin ọmọ tẹ́ ẹ fẹ́ jókòó ṣe ìdánwò, ‘fewer students’, ‘less noise’ ni kẹ́ ẹ kọ, ẹ má bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Tó bá jẹ́ owó, àkókò tàbí ibùsọ̀ ni, ẹ fi ‘less’ sílẹ̀ bó ṣe wà: ‘less than 500 naira’, ‘less than two hours’. Ìwọ̀n là ń wò níbẹ̀, a ò ka ẹyọ.

Ohun mìíràn tí ìwé gírámà kì í tẹnu mọ́ tó: ‘much’ kì í fẹ́ràn gbólóhùn tó ń sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. ‘I don’t have much money’ dáa, ‘Do you have much money?’ dáa. Àmọ́ ‘I have much money’ máa ń dún bí ẹni tó wọ agbádá lọ fọ abọ́. ‘A lot of’ ni kẹ́ ẹ fi sí i. ‘A lot of’, ‘plenty of’, ‘some’, ‘enough’ àti ‘more’ ń gbé ilé méjèèjì láìsí ìjà, tọ́kàn yín ò bá ti balẹ̀, ẹ sá lọ bá wọn.

Àwọn ọ̀rọ̀-orúkọ kan náà ń gbé ilé méjì, àmọ́ tiwọn ní ìtumọ̀. ‘Hair’ ni irun orí lódindi. Ẹni tó bá sọ pé ‘She has white hairs’ ti jókòó ti ìyá náà, ó ti ń ka ewú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. ‘Experience’ ni ìrírí tẹ́ ẹ kó jọ nídìí iṣẹ́, ‘experiences’ sì ni ohun tójú yín ti rí. Ẹ ra ìwé atúmọ̀ èdè tí wọ́n ṣe fún ẹni tó ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kì í ṣe èyí tí wọ́n ṣe fún ọmọ onígẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ ni wọ́n máa ń fi lẹ́tà C (‘countable’, aṣeékà) tàbí U (‘uncountable’, aláìṣeékà) sí. U ni ẹ óò bá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ‘equipment’.

Nígbà tí alága ní ká gba ìbéèrè kan péré, ọmọkùnrin kan dìde lẹ́yìn pátápátá. “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ‘homework’ ṣeé kà?”

Mo ní kò ṣeé kà. ‘Assignment’ ló ṣeé kà.

Ó ronú díẹ̀, ó wá kọjú sí ibi tí àwọn olùkọ́ rẹ̀ jókòó sí. “A jẹ́ pé ‘too much homework’ àti ‘too many assignments’ ni wọ́n ń fún wa nìyẹn, mà.”