Ilé Tí Ìjọba Fẹ́ Kọ́, Tí Ará Àdúgbò Kọ̀: Láti Ìsàlẹ̀ Èkó dé Badia

Ẹ̀yin olùkọ́ mi, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ètò ìlú, àti ẹ̀yin ará àdúgbò tí ẹ fi iṣẹ́ yín sílẹ̀ wá gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, mo kí gbogbo yín. Ní èdè wa, ohùn nìkan ló ya "kọ́" sọ́tọ̀ kúrò lára "kọ̀". Ìjọba ní òun fẹ́ kọ́ ilé fún mẹ̀kúnnù, mẹ̀kúnnù sì ní òun kọ̀. Ó ti tó 70 ọdún tí a ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí ní Èkó, àlàyé tí àwọn tó wà nípò sì máa ń ṣe ni pé ojú ará àdúgbò kò là, pé ìdọ̀tí ti mọ́ wọn lára, tàbí pé àwọn olóṣèlú kan ló ń tì wọ́n láti ẹ̀yìn. Èmi kò fara mọ́ àlàyé yìí. Mo gbà pé lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tó kọ̀ ti ṣírò ohun tí ẹni tó fẹ́ kọ́ kò kà sí rárá, ìṣirò yẹn sì ni mo fẹ́ kí á jọ yẹ̀ wò.

Àrùn tí eku ń tàn kálẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó wọ Èkó ní 1924, ó sì pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní àwọn àdúgbò tí ilé ti fún mọ́ra. Ní 1928, ìjọba amúnisìn dá àjọ kan sílẹ̀, Lagos Executive Development Board, tí àwọn ará Èkó mọ̀ sí LEDB, wọ́n sì fún un lágbára láti gba ilẹ̀, láti wó ilé àti láti tún àdúgbò tò. Oko-Awo wà lára ibi tí wọ́n kọ́kọ́ fọwọ́ kàn, ìgbà yẹn náà ni wọ́n sì la Yábàá fún àwọn tí wọ́n ń kó kúrò ní erékùṣù. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ńlá tí LEDB dáwọ́ lé ni èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 1955, nígbà tí ìjọba pinnu láti wó nǹkan bí éékà 70 ní àárín gbùngbùn Ìsàlẹ̀ Èkó, níbi tí nǹkan bí 30,000 ènìyàn ń gbé. Òmìnira ti ń bọ̀ lọ́nà nígbà náà, ojú sì ń ti àwọn aláṣẹ pé àwọn àlejò láti òkè òkun yóò wá bá olú-ìlú tuntun nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró, ilé páànù tó ti dípẹtà àti ṣáláńgá tó ń rùn. Kí a má purọ́, kò sí ẹni tó mọ Ìsàlẹ̀ Èkó ìgbà náà tí yóò ní irọ́ ni. Omi ṣòro, iyàrá kan gba ìdílé kan, ilé kan sì fara ti èkejì débi pé bí iná bá sọ, adúrà ló kù.

Ètò náà dára lórí ìwé. Ìjọba yóò san owó gbà-má-bínú fún onílé, wọn yóò la títì tó fẹ̀, wọn yóò tún ilẹ̀ náà gé sí ojúlé-ojúlé, wọn yóò sì fún àwọn onílẹ̀ àtijọ́ láǹfààní láti rà á padà. Ní ti àwọn tí wọ́n ń gbé inú ilé tí wọ́n fẹ́ wó, wọ́n kọ́ ilé fún wọn ní Sùúrùlérè, ní apá ibi tí a ṣì ń pè ní New Lagos títí di òní, ìjọba sì bá wọn gbé lára owó ilé náà. Ilé tuntun ni, omi ẹ̀rọ wà, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà, àgbàlá wà. Kí ni ènìyàn tún fẹ́?

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ bi ẹni tó ni ilẹ̀. Ilẹ̀ Ìsàlẹ̀ Èkó kì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo. Ilẹ̀ ìdílé ni, a sì ti jà fún òtítọ́ yẹn títí dé London. Nígbà tí ìjọba gba ilẹ̀ Àpápá, Olóyè Amodu Tijani, Olúwa ti Èkó, ọ̀kan nínú àwọn Ìdejọ, àwọn olóyè tó ni ilẹ̀ Èkó, gbé ẹjọ́ náà lọ sí Privy Council, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fún àwọn ìlú amúnisìn Gẹ̀ẹ́sì, Herbert Macaulay sì bá a lọ. Ní 1921, ìgbìmọ̀ náà dájọ́ pé ilẹ̀ yẹn jẹ́ ti ìran àti àwùjọ, wọn kò sì gbọdọ̀ san owó rẹ̀ bí ẹni pé ẹ̀tọ́ kékeré kan lásán ni olóyè náà ní lórí rẹ̀. Owó tí ìjọba san nígbẹ̀yìn jẹ́ £22,500. Àwọn tí wọ́n wà ní Ìsàlẹ̀ Èkó ní 1955 mọ ìtàn yìí dáadáa, torí ìgbà ayé àwọn bàbá wọn ni ó ṣẹlẹ̀. Wọ́n sì mọ̀ pé bí wọ́n bá wó agbo ilé kan tí ó ní ọmọ àti ọmọ-ọmọ ọgọ́rin, tí wọ́n sì pín owó gbà-má-bínú sí ọ̀nà ọgọ́rin, kò sí ẹnì kan nínú wọn tí owó tirẹ̀ yóò tó ra ojúlé kan ní ilẹ̀ tí wọ́n ti tún ṣe, tí iye rẹ̀ ti gòkè, tí òfin sì ti sọ irú ilé tí wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́ síbẹ̀. Láàárín ọjọ́ tí wọ́n gba owó àti ọjọ́ tí wọ́n lè rà á padà, ilẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ìdílé. Kì í ṣe àìlajú ni ó jẹ́ kí wọ́n rí èyí ṣáájú.

Ẹ jẹ́ kí á tún bi obìnrin tó ń tajà. Onímọ̀ ará Gẹ̀ẹ́sì kan, Peter Marris, lọ sí ojúlé àwọn tó kù ní Ìsàlẹ̀ Èkó àti ti àwọn tí wọ́n ti kó lọ sí Sùúrùlérè ní ìparí àwọn ọdún 1950, ó sì tẹ ìwé lórí ohun tó rí ní 1961. Fún èmi, ìwé náà ṣì ni ẹ̀rí tó pé jù lọ tí a ní lórí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ó béèrè ohun tí LEDB kò béèrè. Ní Ìsàlẹ̀ Èkó, iwájú ilé ni ìsọ̀ wà. Obìnrin lè gbé ọmọ sẹ́yìn, kí ó gbé àtẹ kalẹ̀, kí ìyá ọkọ máa wo ọbẹ̀, kí oníbàárà tó ti mọ̀ ọ́n láti ìgbà pípẹ́ sì yà bí ó ti ń bọ̀ láti ọjà Èbúté Èrò. Ní Sùúrùlérè, aládùúgbò kò mọ̀ ọ́n, ọjà jìnnà, owó bọ́ọ̀sì sì ń jẹ èrè kí ó tó délé. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ bí aránṣọ àti alágbẹ̀dẹ góòlù náà pàdánù oníbàárà. Ọkùnrin tí kì í san owó ilé rí, torí ilé bàbá rẹ̀ ló ń gbé, wá di ayálégbé ìjọba. Owó ilé náà kéré lóòótọ́ lójú ìjọba tó bá wọn gbé lára rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí bí owó kékeré kò ṣe ní pọ̀ lójú ẹni tí kò ń san nǹkan kan tẹ́lẹ̀, tí ọjà ìyàwó rẹ̀ sì ti kú.

Ohun tó dùn mí jù nínú ìwé náà ni ọ̀rọ̀ ẹbí. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ máa ń yà kí láàárọ̀ àti lálẹ́ wá ń rí i lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, nígbà mìíràn kò tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, torí pé owó ọkọ̀ kò sí. Owó tí ọmọ máa ń fi sọ́wọ́ ìyá bí ó bá ti ń kọjá kò wọlé mọ́, ìyá náà kò sì rí ọmọ-ọmọ gbé dání. Bí a bá fi ojú onímọ̀ ọrọ̀ ajé wò ó, agbo ilé ni owó ìfẹ̀yìntì àwọn àgbà, òun ni ilé ìtọ́jú ọmọdé, òun náà sì ni ilé ìfowópamọ́. LEDB ka iyàrá, kò ka ìwọ̀nyí.

Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni Sùúrùlérè kò bá lára mu. Àwọn akọ̀wé ìjọba tí owó oṣù ń wọlé fún, àwọn ọ̀dọ́ tọkọtaya tí wọ́n fẹ́ sá fún ẹjọ́ inú agbo ilé, àti àwọn tí wọn kì í ṣe ọmọ Èkó, gbádùn ilé wọn, wọ́n sì dúpẹ́. Mo sọ èyí nítorí pé àwa tí a ń kọ̀wé gbè àdúgbò àtijọ́ máa ń ṣe bí ẹni pé agbo ilé kò ní ìjà. Ó ní. Àwọn tí ètò náà bá lára mu ni àwọn tí wọ́n ti ní owó oṣù tẹ́lẹ̀, àwọn tí wọ́n sì ń jẹun láti ara àdúgbò ni ó pa lára. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ẹni tí yóò kọ̀ kí katapílà tó dé, ẹ wo ibi tí oúnjẹ rẹ̀ ti ń wá.

LEDB kò parí iṣẹ́ náà. Bí a ti ń wọ inú àwọn ọdún 1960 ni ó ń falẹ̀, apá kan nínú ilẹ̀ tí wọ́n wó di ilé ìtajà ńláńlá, apá tó pọ̀ nínú Ìsàlẹ̀ Èkó sì wà bí ó ti wà.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan yóò ní ṣé gbogbo ẹni tó bá ti kọ̀ ni mo ń gbè. Rárá o. Ní ìlú Yonkers, lẹ́bàá New York, adájọ́ kan dájọ́ ní 1985 pé fún nǹkan bí 40 ọdún ni àwọn aláṣẹ ìlú ti mọ̀ọ́mọ̀ ń kó ilé ìjọba jọ sí apá kan ṣoṣo, kí àwọn aláwọ̀ dúdú má bàa dé apá tí àwọn aláwọ̀ funfun ń gbé. Wọ́n ní kí ìlú náà kọ́ ilé 200 fún mẹ̀kúnnù sí apá kejì. Àwọn ará apá kejì fárígá, àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ ìlú sì tẹ̀ lé wọn, títí di ìgbà tí owó ìtanràn tí ń di ìlọ́po méjì lójoojúmọ́ fẹ́ gbé gbogbo àpò ìlú lọ ní 1988, kí wọ́n tó gbà. Kò sí ẹni tí wọ́n fẹ́ wó ilé rẹ̀ níbẹ̀, kò sí ẹni tí ọjà rẹ̀ fẹ́ kú. Aládùúgbò ni wọn kò fẹ́. Ẹni tí wọ́n fẹ́ lé kúrò lórí ilẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹni tí kò fẹ́ kí ẹlòmíràn wá bá òun gbé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn oníròyìn fi ń pè wọ́n.

Ti Badia sún mọ́ wa jù. Ní 1973, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ fẹ́ kọ́ Gbọ̀ngàn Ìṣeré Orílẹ̀-èdè (National Theatre) sí Ìgánmú, wọ́n kó àwọn ará abúlé Oluwole kúrò, wọ́n sì kó púpọ̀ nínú wọn lọ sí Badia, tí kò jìnnà síbẹ̀, lórí ilẹ̀ ẹrẹ̀. Ó di àdúgbò. Ní 2006, Báńkì Àgbáyé yá Èkó ní $200 mílíọ̀nù fún ètò kan tó ní àtúnṣe àwọn àdúgbò mẹ́sàn-án nínú, Badia sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Àwọn ará ibẹ̀ ń retí gọ́tà àti omi. Ní ọjọ́ 23 oṣù kejì 2013, katapílà ló dé pẹ̀lú àwọn ọlọ́pàá. Àjọ Amnesty International, tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, ka àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn sí nǹkan bí 9,000. Ìjọba ìpínlẹ̀ ní ilé ni òun fẹ́ kọ́ síbẹ̀, nǹkan bí 1,000, lábẹ́ ètò Lagos HOMS, ètò ìjọba tí ará ìlú fi ń ra ilé díẹ̀díẹ̀. Ẹ gbọ́ ìyẹn dáadáa, ilé fún ará ìlú ni wọ́n wó ilé ará ìlú fún. Nígbà tí ètò Lagos HOMS sì wá jáde ní 2014, ẹni tó fẹ́ ilé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ san 30% iye rẹ̀, kí ó sì san ìyókù láàárín ọdún mẹ́wàá. Owó oṣù tó kéré jù lọ lábẹ́ òfin nígbà náà jẹ́ ₦18,000, ọ̀pọ̀ ará Badia ni kò sì rí agbanisíṣẹ́ kankan tí yóò san ìyẹn fún wọn.

Àyè ìjà tún ti dín sí ti 1955. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, ohun tí ènìyàn kọ́ tàbí gbìn sórí ilẹ̀ sì ni gómìnà ń san owó rẹ̀, kì í ṣe ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹni tí kò ní ìwé kò ní ẹnu. Ẹ fi èyí wé Olúwa àti £22,500 rẹ̀. Ohun tí àwọn ará Badia fi jà ni ìwé ẹ̀sùn tí wọ́n kọ sí Báńkì Àgbáyé, ìyẹn sì ló jẹ́ kí ìjọba padà san owó díẹ̀ fún wọn, tí wọ́n pè ní ìrànlọ́wọ́, tí wọn kò jẹ́ pè ní ẹ̀tọ́.

Àwọn ọmọ wa tó wà ní Southwark ní London, níbi tí Yorùbá pọ̀ sí jù ní ìlú yẹn, mọ irú rẹ̀. Ní 2001, 73% nínú àwọn tó dìbò ní Aylesbury Estate, àdúgbò ilé ìjọba kan níbẹ̀, ló ní àwọn kò fẹ́ ètò tí ìgbìmọ̀ agbègbè gbé kalẹ̀ fún ilé wọn. Ìgbìmọ̀ náà padà pinnu láti wó o. Ní 2016, mínísítà ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Sajid Javid, kọ̀ láti fọwọ́ sí i kí wọ́n fi tipá gba ilé àwọn tó kù, ó sì tọ́ka sí bí yóò ṣe pa àṣà àti ìgbé ayé àwọn aláwọ̀ dúdú ibẹ̀ lára. Nígbẹ̀yìn, ní 2018, ìjọba fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ní ọdún yẹn náà ni Sadiq Khan, olórí ìlú London, gbé ìlànà kan jáde pé bí ètò bá fẹ́ wó ilé ará ìlú, tí ó sì fẹ́ gba owó lọ́wọ́ òun, àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ dìbò sí i kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Lójú mi, ohun tí ìlànà yẹn ṣe jù ni pé ó fi ipá mú àwọn aláṣẹ láti kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ṣáájú: èló ni owó ilé tuntun yóò jẹ́, ta ni yóò padà, ìgbà wo ni yóò padà. Kò sí ẹni tí yóò dìbò fún ìlérí ẹnu.

Lẹ́yìn tí mo sọ̀rọ̀ tán, ẹnì kan béèrè ohun tó wúwo. Ó ní ilé wó ní Ìta Fàájì ní oṣù kẹta 2019, pẹ̀lú ilé ẹ̀kọ́ tó wà lókè rẹ̀, ó sì pa àwọn ọmọdé; ṣé kì í ṣe irú ilé tí a ń gbè yìí nìyẹn, ṣé kí a máa dìbò lórí ilé tó fẹ́ wó pa ènìyàn ni? Mo gbà pé ilé tó fẹ́ wó kò ní dúró de ìbò, kí wọ́n kó àwọn ènìyàn jáde lọ́jọ́ náà gan-an. Ṣùgbọ́n mo ní kí ó bá mi wo ìdí tí àwọn ènìyàn fi ń padà sínú ilé tí ìjọba ti fi ọ̀dà pupa sàmì sí. Wọ́n gbà pé ọjọ́ tí wọ́n bá kó jáde ni ilẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ìdílé, ìtàn 1955 sì wà níbẹ̀ láti jẹ́rìí fún wọn. Bí ìjọba bá fún wọn ní ìwé kan, lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń kó ẹrù jáde, tó sọ pé ilẹ̀ ṣì jẹ́ ti ìdílé náà, tó sì sọ iye iyàrá tí yóò kàn wọ́n nínú ilé tuntun, mo rò pé púpọ̀ nínú wọn ni yóò jáde láìsí ọlọ́pàá. Ó ní òun kò tíì rí irú ìwé bẹ́ẹ̀ rí ní Èkó. Èmi náà kò rí i rí.