Ta ló máa kùn ún lóorun? Ọ̀nà àtidi dókítà akunnilóorun

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Bí ẹnì kan bá fẹ́ wọ tíátà, ìyẹn yàrá iṣẹ́ abẹ, ní Ṣágámù tàbí Ìjẹ̀bú-Òde, orúkọ dókítà tó máa ṣe iṣẹ́ abẹ ni ará ilé máa ń béèrè. A kì í sábà gbọ́ kí wọ́n béèrè pé ta ló máa kùn ún lóorun, ìyẹn ẹni tó máa fún un lóògùn tí kò fi ní mọ ìrora abẹ. Bẹ́ẹ̀, ẹni yẹn ni kò gbọdọ̀ kúrò lẹ́bàá orí aláìsàn títí wọn á fi rán ojú abẹ tán, tí aláìsàn á lajú, tí a ó pe orúkọ rẹ̀ tí á dáhùn. Iṣẹ́ rẹ̀ la fẹ́ tú palẹ̀ lónìí fún ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ronú àtiṣe é.

Ẹ jẹ́ ká tètè sọ ti ìwé kíkà. Ní girama, ẹ nílò kírédíìtì nínú Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, físíìsì, kẹ́mísìrì àti báyọ́lọ́jì. Ọdún mẹ́fà ló tẹ̀ lé e ní yunifásítì, kò sì pọn dandan kí ẹ jìnnà sílé. Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ wà ní Àgọ́-Ìwòyè, ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀ sì wà ní Ṣágámù. Babcock náà ní tiẹ̀ ní Ìlíṣàn-Rẹ́mọ. Lẹ́yìn MBBS, ìyẹn oyè dókítà, ẹ ó ṣe house job, iṣẹ́ dókítà lábẹ́ àbójútó àwọn àgbà, fún ọdún kan, ẹ ó sin ìlú gẹ́gẹ́ bí àgùnbánirọ̀ fún ọdún kan, ẹ ó sì yege nínú ìdánwò tí wọ́n ń pè ní primary, yálà ti National Postgraduate Medical College tàbí ti West African College of Surgeons. Nígbà náà ni residency, ìyẹn ìkọ́ṣẹ́ akunnilóorun fúnra rẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀: ẹ ó jẹ́ registrar, dókítà tó ń kọ́ṣẹ́, títí dé ìdánwò Part I, ẹ ó jẹ́ senior registrar títí dé ìdánwò Part II, kí ẹ tó di consultant, ọ̀gá nínú iṣẹ́ náà. Bí ọdún márùn-ún ni, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí kò bá fẹ́ lọ jìnnà tó yẹn lè ṣe diploma ọdún kan.

Ẹ má da ìwé físíìsì yín nù o. Primary máa ń bi yín nípa afẹ́fẹ́ inú sílíńdà, nípa ìfúnpá àti ooru, ọ̀pọ̀ dókítà sì ti rò pé àwọn ti fi ìyẹn sílẹ̀ ní girama.

Ó wá kan iṣẹ́ gan-an. Ohun tó kọ́kọ́ yẹ kí registrar mọ̀ ọ́n ṣe ni ìbéèrè. Kí a tó kun àgbàlagbà lóorun, ó gbọ́dọ̀ ti tó wákàtí mẹ́fà tó ti jẹun gbẹ̀yìn, ó sì gbọ́dọ̀ ti tó wákàtí méjì tó ti mu omi lásán. Tí ẹ bá wá bi ìyá àgbà kan ní wọ́ọ̀dù pé, "Màmá, ṣé ẹ ti jẹun?" á ní òun ò tíì jẹun, kò sì purọ́. Gaari Ìjẹ̀bú tó fi omi tútù àti ṣúgà pò láàárọ̀, mímu là ń mu ún, a kì í jẹ ẹ́. Ikùn ò mọ ìyàtọ̀ yẹn. Bí oògùn bá ti gba ara, ọ̀nà ọ̀fun ò ní lè dáàbò bo ara rẹ̀ mọ́. Gaari á gòkè wá, á yà sí ẹ̀dọ̀fóró, omi kíkan inú ikùn á sì jó ibẹ̀. Ó lè pa ènìyàn. Torí náà, ẹ béèrè báyìí: "Màmá, kí lẹ fi kan ẹnu gbẹ̀yìn, aago mélòó sì ni?" Kí ẹ tún dárúkọ gaari, ẹ̀kọ àti àgbo lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ béèrè eyín àtọwọ́dá àti èyí tó ń mì. Ẹ ní kí wọ́n la ẹnu, kí ẹ wò ó bóyá ìka mẹ́ta lè gba ibẹ̀.

Ẹ wo aboyún tí wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún báyìí. Kò ní sùn. Abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn la máa gún un. Ó jókòó, ó tẹ̀ síwájú bí ẹni tó ń wo ìdodo ara rẹ̀. Ẹ wá orí egungun ìbàdí lọ́tùn-ún àti lósì, kí ẹ fi ojú fa ìlà láti ọ̀kan dé èkejì. Agbègbè ibẹ̀ lẹ ti máa gún un, torí okùn iṣan inú ọ̀pá ẹ̀yìn ti parí lókè ibẹ̀. Abẹ́rẹ́ tín-ín-rín ni, nọ́ńbà 25 tàbí 26. Bí omi tó mọ́ gaara bá ti ń kán, ẹ ti débẹ̀. Bupivacaine 0.5% tó wúwo, oògùn tó ń mú ìsàlẹ̀ ara kú tipiri, bíi mílílítà 2 sí 2.5, ti tó.

Ohun tó sábà máa ń yọnu ni pé ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ máa ń já wálẹ̀, torí àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ ìsàlẹ̀ ara ti fẹ̀. Nígbà míì, ẹ̀rọ ò tíì sọ ọ́ tí obìnrin náà á ti ní, "Dókítà, èébì ń gbé mi." Ẹ gbà á gbọ́. Ephedrine tàbí phenylephrine, oògùn tó ń gbé ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ sókè, gbọ́dọ̀ ti wà nínú síríńjì kí ẹ tó gún un rárá, kí aṣọ tí a ká sì ti wà lábẹ́ ìbàdí ọ̀tún rẹ̀, kí oyún má baà tẹ òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá pa.

Iṣẹ́ wà, ó pọ̀. Àjọ àwọn akunnilóorun lágbàáyé ní ó kéré tán, kí dókítà márùn-ún wà fún 100,000 ènìyàn. Nàìjíríà ṣì jìnnà sí i gan-an, àwọn nọ́ọ̀sì akunnilóorun ló sì ń gbé apá tó pọ̀ nínú ẹrù náà. Consultant lè yà sí ICU, wọ́ọ̀dù àwọn tí àìsàn wọn le gan-an, sí ìtọ́jú ìrora, tàbí sí ti àwọn ọmọdé.

Ẹ̀yin tó ti wà ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn, nígbà tí wọ́n bá fi yín sí tíátà, ẹ kọ́ bí a ṣe ń di máàsìkì mú. Àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ ló ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú, ìka mẹ́ta yòókù á gbé egungun àgbọ̀n sókè. Egungun ni kí ẹ gbé o, ẹ má fi ìka tẹ ẹran rírọ̀ abẹ́ àgbọ̀n, torí ìyẹn á ti ahọ́n sẹ́yìn, á sì dí ọ̀nà èémí. Ẹ fún báàgì afẹ́fẹ́ tó so mọ́ máàsìkì náà díẹ̀, kí ẹ máa wo àyà. Bí kò bá gbéra, ẹ tún ọwọ́ yín tò.