Ẹ Má Dá Ọkọ̀ Wa Lu

Asàláámù aléékúmù, ẹ̀yin ọmọ ìyá mi. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti gbogbo sàhábà. Ẹ jẹ́ kí n tètè dé ibi ọ̀rọ̀. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló ti ń jẹ mí lọ́kàn, mi ò sì fẹ́ kí Jímọ̀ yìí kọjá kí n má sọ ọ́.

Lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, òjò ká wa mọ́ mọ́sáláṣí lẹ́yìn ìrun Iṣái. A dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, à ń retí kó dá díẹ̀. Ọkùnrin kan dúró tì mí, èjìká èmi àti tirẹ̀ ló kan ara wọn lórí ìrun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kí tán. Ilé rẹ̀ kọjú sí mọ́sáláṣí gan-an. Ó na ọrùn, ó pe ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ tí kò lè ju ọdún mẹ́sàn-án lọ: "Gbé àpò yẹn jáde! Yára, kí òjò tó dá!" Ọmọ náà wọ́ àpò ìrẹsì kan tó kún fún pàǹtírí jáde, ó dà á sójú àgbàrá. Mo fojú mi rí i: èèpo iṣu, ọ̀rá píọ́ wọ́tà, pámpáàsì mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó ti mu omi yó. Àgbàrá gbé gbogbo rẹ̀, ó di ìsàlẹ̀ àdúgbò. Ọkùnrin náà ní "Alihamudulilai", ó sì ń bá ọ̀rọ̀ tó ń bá mi sọ lọ.

Mi ò sọ nǹkan kan. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, mo máa padà sórí rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bí mo ṣe ń ti ìrun Àsùbáà bọ̀, mo gba ìsàlẹ̀ kọjá. Ìyá àgbà kan ń gbé níbẹ̀ tó ń ta ògì, yàrá rẹ̀ wà lẹ́bàá afárá kékeré tí kòtò àgbàrá gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ẹnu afárá náà ti dí pa. Omi tí kò rọ́nà lọ ti ya wọ yàrá ìyá lóru. Mo bá a níbi tó ti ń fi abọ́ tó fi ń bu ògì gbọ́n omi jáde. Ó ti gbé fóòmù tó ń sùn lé dúró ti ògiri, omi ń ro tótótó láti inú rẹ̀. Ẹrẹ̀ ti wọnú àgbàdo tó rẹ sínú ike. Pámpáàsì kan lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn rẹ̀.

Ìyá ò bínú. Ó ní, "Ọmọ mi, òjò ọdún yìí mà le o. Àmúwá Ọlọ́hun ni."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ yẹn dun mí ju omi tó wà nílẹ̀ lọ. Ọlọ́hun ló rọ òjò, àánú ni. Àmọ́ kì í ṣe Ọlọ́hun ló di ẹnu afárá. Òun fúnra Rẹ̀ sọ ọ́ nínú Súrátù Rúùm, áyà 41, pé ìbàjẹ́ ti hàn lórí ilẹ̀ àti lójú omi nítorí ohun tí ọwọ́ àwọn èèyàn ṣe, kí Ó lè fún wọn ní díẹ̀ tọ́ wò nínú iṣẹ́ ọwọ́ wọn, bóyá wọ́n á ṣẹ́rí padà. Ìyá àgbà ló ń tọ́ iṣẹ́ ọwọ́ wa wò yìí o. Àwa tí a ṣe é, a sùn lórí ibùsùn gbígbẹ.

Hàdíísì kan wà tí mo fẹ́ràn púpọ̀. Nu'mān ọmọ Bashīr ló gbà á wá láti ọ̀dọ̀ Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a), ó sì wà nínú ìwé hàdíísì Bukhārī. Àwọn èèyàn kan fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi. Wọ́n ṣẹ́ gègé lórí ibi tí kálukú máa wà. Gègé mú àwọn kan fún òkè ọkọ̀, ó mú àwọn yòókù fún ìsàlẹ̀. Bí àwọn ti ìsàlẹ̀ bá fẹ́ pọnmi, wọ́n á gòkè lọ, wọ́n á gba ọ̀dọ̀ àwọn ti òkè kọjá. Mo máa ń fojú inú wo bí yóò ṣe rí: ohun ìpọnmi lọ́wọ́, omi ń ta sí ará òkè lára, ará ìsàlẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀, lọ́sàn-án, lóru. Wọ́n wá dá a lábàá láàárín ara wọn pé, "Bí a bá kúkú dá ihò kan lu sí apá tiwa ńkọ́? A ò ní yọ àwọn tó wà lókè lẹ́nu mọ́." Ànábì ní, bí àwọn ti òkè bá fi wọ́n sílẹ̀ pẹ̀lú ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe, gbogbo wọn ló máa ṣègbé. Bí wọ́n bá di ọwọ́ wọn mú, wọ́n á là, gbogbo wọn á sì là.

Ẹ wo àwọn ará ìsàlẹ̀ yẹn dáadáa. Ànábì ò pè wọ́n ní olè, kò pè wọ́n ní ọ̀tá. Omi ni wọ́n ń wá, òùngbẹ ò sì mọ àwàdà. Wọ́n tiẹ̀ ń ro ti ará òkè mọ́ ọn, wọn ò fẹ́ ni wọ́n lára. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló kó bá wọn: "apá tiwa". Ẹnu wa náà nìyẹn wà lójoojúmọ́. Iwájú ilé mi ni. Kòtò ẹ̀gbẹ́ ògiri mi ni. Ọ̀rá kan péré ni mo jù sílẹ̀. Àmọ́ omi tó wọ inú ọkọ̀ ò ní béèrè ẹni tó ni apá tó gbà wọlé.

Ní àdúgbò tiwa, àwa tí a wà lórí òkè gan-an la ń dá ihò náà lu. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ sì lomi ń kọ́kọ́ bá.

Àwa ará Ìbàdàn kọ́ ló yẹ kí wọ́n máa sọ èyí fún. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa ya wọ ìgboro, ó gbé ilé, ó gbé èèyàn. Ẹ bi àwọn àgbà ilé yín léèrè Omíyalé, kí ẹ wo bí ojú wọn yóò ṣe yí padà. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, ó tún ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ Jímọ̀ ni, bíi tòní. Inú Ràmàdáánì la wà, nínú ọjọ́ mẹ́wàá ìgbẹ̀yìn tí à ń wá òru Lailatul Kadiri. Ẹ̀mí tó bá a lọ lé ní 100. Ọ̀pọ̀ afárá já, ẹni tó wà lápá kan ìlú ò rọ́nà dé apá kejì. Mi ò sọ pé pàǹtírí nìkan ló fà á o. Òjò náà pọ̀ lápọ̀jù, àwọn èèyàn sì ti kọ́lé sórí ọ̀nà omi. Àmọ́ ẹ̀gbin tí a dà sódò wà níbẹ̀, kò sí ẹni tó lè jiyàn rẹ̀. Ìjọba ti fi kọnkéré di ẹ̀gbẹ́ Ògùnpa lẹ́yìn ti ọdún 1980. Bí ẹ bá kírun Jímọ̀ tán lónìí, ẹ lọ dúró lórí afárá rẹ̀, kí ẹ wo ohun tí a tún kó sínú rẹ̀.

Àwọn àgbà ní àgbàrá òjò ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Onílé ìgbà yìí ló ń bá àgbàrá dí ọ̀nà ibòmíràn kó lè bá a nílé.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Nínú hàdíísì tó wà nínú ìwé Muslim, Ànábì ní ká ṣọ́ra fún ohun méjì tó ń fa èpè: kí èèyàn ṣu sójú ọ̀nà tí àwọn èèyàn ń gbà, tàbí síbi ibòji wọn. Ìwọ tí o ju pámpáàsì sójú àgbàrá, kí lo rò pé ó wà nínú rẹ̀? O kàn rán ìgbẹ́ ọmọ rẹ lọ sẹ́nu ọ̀nà arúgbó ni. Omi ìdọ̀tí yẹn á wọ kànga, onígbáméjì á tẹ̀ lé e. Èyí tó bá dúró sójú kan á di ilé tanwíjí, ẹ̀fọn á jáde níbẹ̀, ibà á mú ọmọ ẹni tí o ò mọ̀ rí. Mímú ohun ìnira kúrò lójú ọ̀nà, Ànábì kà á mọ́ ẹ̀ka ìmáànì. Kí wá la fẹ́ pe ẹni tó ń kó ìnira sọ́nà, tó sì ń fi Alihamudulilai tẹ̀ lé e?

Ẹ sì rántí ẹni tí Ànábì pè ní òtòṣì ìjọ rẹ̀. Ó máa dé lọ́jọ́ Àlìkìyámọ̀ pẹ̀lú ìrun, ààwẹ̀ àti sàká, àmọ́ ó ti bú eléyìí, ó ti jẹ owó tọ̀hún, ó ti lu ẹlòmíràn. Wọ́n á máa pín iṣẹ́ rere rẹ̀ fún wọn títí yóò fi tán, wọ́n á wá kó ẹ̀ṣẹ̀ tiwọn lé e lórí. Fóòmù ìyá yẹn ńkọ́? Àgbàdo rẹ̀? Oorun tí kò sùn? Mélòó nínú ìrun nọ́fílà rẹ lo rò pé ó máa tó o san? Kò mọ orúkọ rẹ, òótọ́ ni. Ọlọ́hun mọ̀ ọ́n.

Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ. Ọkọ̀ akólẹ̀ kì í wá lásìkò. Owó rẹ̀ wọ́n. Òótọ́ ni, èmi náà ti so àpò ilẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ilé fún ọ̀sẹ̀ méjì rí. Àwọn ará ìsàlẹ̀ ọkọ̀ náà nílò omi lóòótọ́, síbẹ̀ ìyẹn ò sọ ihò di ohun tó tọ́. Bí a bá dá owó jọ ní òpópónà kan, ọlọ́mọlanke á máa kó o lọ síbi tí ìjọba yà sọ́tọ̀. Ẹ má sì gbàgbé mọ́sáláṣí fúnra rẹ̀. Bí a bá ti sálámà tán lọ́jọ́ Jímọ̀, ọ̀rá omi àti abọ́ oúnjẹ sàárà á kún ìta bí ẹni pé ọjà ló tú. Ẹ̀yin lémọ́mù wa, ẹ ṣàánú wa, ẹ fi ìṣẹ́jú kan sọ ọ́ lórí mìńbárì.

Mo ní mo máa padà sórí ìdákẹ́ mi. Nínú hàdíísì yẹn, ará òkè tó fọwọ́ lẹ́rán náà bá ọkọ̀ rì. Èmi nìyẹn lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ojú tì mí láti bá àgbàlagbà sọ̀rọ̀ lójú ọmọ rẹ̀, mo bá pa ẹnu mọ́. Ọlọ́hun forí jì mí.

Lánàá, lẹ́yìn ìrun Alásàrì, mo lọ bá a nílé. Mo ní, "Àlájì, ẹ má bínú, ẹ jẹ́ ká jọ dé ìsàlẹ̀." A jọ lọ. Fóòmù ṣì wà lára ògiri, kò tíì gbẹ. Ó wò ó pẹ́. Ó ní òun ò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń gbé lẹ́yìn afárá yẹn, bẹ́ẹ̀ ọdún kọkànlá rẹ̀ rèé ládùúgbò wa. Ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá àgbà. Ìyá ò tiẹ̀ kọ́kọ́ mọ ohun tó ń tọrọ àforíjì lé lórí. Àlájì ló ní kí n kọ ọ́, kí n má ṣáà dárúkọ òun.

Lọ́la, lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, a máa pàdé lẹ́nu afárá. Àlájì ti bá ọlọ́mọlanke méjì sọ̀rọ̀, ó ti san owó wọn. Ẹni tó bá ní ṣọ́bìrì kó mú un dání, kí ẹ sì wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀, ìgò fífọ́ wà nínú kòtò náà.