Báwo ni a ṣe ń mọ ọmọ ẹbí kòkòrò ẹkùn?

Ẹ̀yin olùwòran wa, ẹ fara balẹ̀ wo orí kòkòrò yìí. Ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì yọ síta débi pé orí rẹ̀ fẹ̀ ju àyà tó tẹ̀ lé e lọ, eyín ẹnu rẹ̀ rí bí dòjé méjì tó kọjú síra, ìwo tẹ́ẹ́rẹ́ méjì sì hù lókè ibi tí dòjé náà ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè é ní tiger beetle nítorí bó ṣe ń sáré lé ẹran mú. Kòkòrò ẹkùn ni a ó máa pè é níhìn-ín. Irú rẹ̀ tí àwọn onímọ̀ ti sọ lórúkọ lé ní 2,500.

Ní ọdún 1758, Carl Linnaeus, ọmọ ilẹ̀ Sweden, kó ìwọ̀nba tó mọ̀ nínú wọn sábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo, Cicindela. Ọ̀kan lára wọn ni Cicindela campestris, aláwọ̀ ewé tó ní àmì funfun lẹ́yìn, tó ń gbé lórí ilẹ̀ gbígbẹ tí oòrùn ń pa ní Yúróòpù. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, orúkọ náà kún àkúnwọ́sílẹ̀. Láti ọdún 1950 ni Émile Rivalier, ọmọ ilẹ̀ Faransé, bẹ̀rẹ̀ sí í pín in, kò sì gbára lé àwọ̀, nítorí pé irú kan náà lè yí àwọ̀ padà láti ibì kan sí ibòmíràn. Nǹkan ọkùnrin akọ ló ń yẹ̀ wò. Lójú tèmi, iṣẹ́ ńlá ni.

Àríyànjiyàn tó pẹ́ jù ni ti ẹbí. Àwọn kan ní ẹ̀ka Carabidae, ẹbí ńlá àwọn kòkòrò tó ń rìn nílẹ̀, ni wọ́n, àwọn mìíràn ní wọ́n dá dúró. Ní ọdún 2020, àwọn onímọ̀ kòkòrò méjì, Duran àti Gough, fi ìwádìí àbùdá gbè é lẹ́sẹ̀ pé ẹbí ọ̀tọ̀ ni wọ́n, Cicindelidae.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ìdin wọn, nítorí ibẹ̀ ni ìbátan wọn ti hàn jù. Inú ihò tóóró ni ìdin náà ń gbé, tí yóò fi orí dí ẹnu ihò títí èèrà yóò fi kọjá, tí yóò sì ta sẹ́yìn gbé e lójijì. Lórí iké ẹ̀yìn rẹ̀ ni ìwọ̀ wà, èyí tó fi ń di ara ihò mú kí ẹran má baà wọ́ ọ jáde. Ẹ wo Manticora, kòkòrò ẹkùn kan ní gúúsù Áfíríkà: ó dúdú, ó tóbi, kò sì lè fò. Síbẹ̀, iké oníwọ̀ yìí kan náà ló wà lẹ́yìn ìdin rẹ̀.