Igi Kan ní Ohio

Ẹ wo wáyà iná yìí. Òpó irin gàgàrà ló gbé e dání, kì í ṣe ẹgbẹ́ wáyà àdúgbò wa. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 2003, lẹ́bàá Cleveland ní ìpínlẹ̀ Ohio l'Amẹ́ríkà, oòrùn mú, iná tó ń gba inú rẹ̀ kọjá náà tún ń mú un gbóná. Wáyà tó bá gbóná a máa gùn sí i. Eléyìí ń gùn, ó ń rọ̀ wálẹ̀, àfi gbàù! Ó kan igi tí wọn ò gé. Ní aago 3:05 ọ̀sán, ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ọ já iná kúrò lára rẹ̀.

Ẹrù iná tó gbé lásìkò náà ò tó ìdajì agbára rẹ̀ o. Igi ni, igi lásán.

Bí wọ́n bá ti afárá Third Mainland pa l'Ékòó, ṣebí Carter Bridge àti Eko Bridge ni mọ́tò á ya sí? Àmọ́ onímọ́tò lè sọ pé òun ò jáde mọ́. Iná ò mọ ìyẹn. Lójú ẹsẹ̀ ló ya sórí àwọn wáyà tó kù. Ní 3:32, ìkejì kan igi. Ní 3:41, ìkẹta.

Àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ iná tó yẹ kó rí i ńkọ́? Aláàmù kọ̀ǹpútà wọn ti kú láti 2:14. Kò dún, wọ́n sì rò pé àlàáfíà ni.

Nígbà tó fi máa di 4:06, wáyà tó lọ láti ibùdó iná Sammis sí ti Star já. Igi kankan ò kan ìyẹn. Ẹrù ló pọ̀ lórí rẹ̀ débi tí ẹ̀rọ ààbò fi rò pé ó ti bàjẹ́, ló bá já iná kúrò lára rẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́jọ sí i, iná ti lọ mọ́ nǹkan bí 50 mílíọ̀nù èèyàn lójú, títí dé New York àti Ontario ní Kánádà.

Àwọn onímọ̀ máa ń ya gíríìdì, ìyẹn gbogbo wáyà àti ibùdó iná tó so kọ́ra, bí àwọ̀n ẹja: ibùdó iná ni kókó, wáyà ni okùn. Wọ́n á wá kókó tí ọ̀nà púpọ̀ ń gbà kọjá. Ó wúlò, àmọ́ ojú tèmi ò gbà á tán, torí àwòrán ò mọ okùn tó ti rẹ̀.

Ẹ wo ilé wa níbí, oṣù kẹwàá 2024. Lórí àwòrán, ọ̀nà méjì ni iná ń gbà dé Òkè Ọya. Àwọn ọ̀bàyéjẹ́ ti ba wáyà Shiroro sí Kaduna jẹ́. Ni ọ̀nà kejì, wáyà Ugwuaji sí Apir, bá tún já. Ọ̀pọ̀ ìlú ló wà lókùnkùn fún ọjọ́ púpọ̀.