Ọ̀rọ̀ Kan, Iṣẹ́ Méjì: Ibi Tí Gẹ̀ẹ́sì Ti Ń Da Ọmọ Yorùbá Láàmú

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì n'Íbàdàn. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo èdè tiwa. A jó, ó di ijó. A jà, ó di ìjà. A rìn, ó di ìrìn. Kọ́ńsónáǹtì ni ọ̀rọ̀-ìṣe wa fi ń bẹ̀rẹ̀. Bó bá fẹ́ di ọ̀rọ̀-orúkọ, yóò gbé fáwẹ̀lì síwájú, tàbí ká ṣe àpètúnpè rẹ̀ bíi jíjó. Àmì kan ṣáà gbọ́dọ̀ hàn. Dance, walk, water, iron, book kò ní irú àmì bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n ṣe wà náà ni wọ́n ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì.

Aládùúgbò ọ̀rọ̀ náà ni ká bi. Bí a, the, my tàbí this bá ṣáájú, ọ̀rọ̀-orúkọ ni: my book. Bó bá jẹ́ will, can tàbí must, ọ̀rọ̀-ìṣe ni, bí ẹni tó lọ gba àyè ọkọ̀ sílẹ̀ ní Ìwó Road ṣe máa wí pé, I will book a seat. To ló ń tan ọmọ jẹ jù. She wants to work, ọ̀rọ̀-ìṣe. She goes to work, ọ̀rọ̀-orúkọ. Ẹ ki her bọ àárín: goes to her work dùn létí, wants to her work kò ṣe é gbọ́.

Àwọn kan wà tí ohùn ń yà sọ́tọ̀. Lẹ́tà ńlá ni mo fi kọ sílébù tí ohùn ti wúwo. Ọ̀rọ̀-orúkọ: REcord, PERmit, IMport, PROduce. Ọ̀rọ̀-ìṣe: reCORD, perMIT, imPORT, proDUCE. Ọmọ Yorùbá tètè ń gbọ́ eléyìí, torí ó jọ ohùn òkè àti ìsàlẹ̀ tiwa. Ṣùgbọ́n ohùn gíga nìkan kò tó: sílébù tó wúwo tún ń gùn, èyí tí kò wúwo sì ń rọ̀, débi pé re inú reCORD fẹ́rẹ̀ẹ́ di ri. Ọmọ tó bá ti mọ òfin yìí á fẹ́ lò ó níbi gbogbo, á máa pe REspect. Rárá o. Respect, report, support àti reply kì í yí padà. Ìparí ni wọ́n ti ń wúwo, iṣẹ́ yòówù kí wọ́n ṣe.

Èyí tó nira jù fún wa ni s àti z, torí Yorùbá kò ní ìró z. Use tó jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ, s ló parí rẹ̀. Èyí tó jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe, z ni. House àti excuse náà rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́nu wa, gbogbo rẹ̀ ń di s. Kí ọmọ fi ìka lé ọ̀fun, kó fa s gùn: ọ̀fun á dákẹ́. Kó wá kùn bí ẹ̀fọn tó ń fò létí: ọ̀fun á máa gbọ̀n. Z nìyẹn. Kó tún fa fáwẹ̀lì tó ṣáájú rẹ̀ gùn díẹ̀.

Ìyàtọ̀ yìí kan náà ló wà nínú advice àti advise, àkọtọ́ sì fi í hàn: c fún ọ̀rọ̀-orúkọ, s fún ọ̀rọ̀-ìṣe. Ẹni tó bá kọ adviced ti ṣì í. Advices náà kò sí, nítorí a kì í ka ìmọ̀ràn ní oókan-eéjì nínú Gẹ̀ẹ́sì.

Bí ẹ bá délé, ẹ fún ọmọ ní gbólóhùn yìí: The farmers produce yams and sell their produce at Bódìjà. Kó pàtẹ́wọ́ sí ibi tó wúwo nínú produce méjèèjì. Bí àtẹ́wọ́ méjèèjì bá bọ́ sí sílébù kan náà, ẹ dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀.